Àpò Ìsùn Ọmọ Ọwọ́ Nígbà Ọyẹ́: Ìwọ̀n Ooru Wo Ni Ó Tó?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kan gbogbo ilé tí ọmọ ọwọ́ wà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn, tí ẹ máa ń gbé ọmọ tuntun lọ han àwọn òbí yín nílé nígbà ọdún Kérésìmesì. Ìgbà ọyẹ́ ni ìgbà náà máa ń jẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Iléṣà tí ó dorí kọ ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí àwọn òkè bẹ̀rẹ̀ sí yọ lọ́tùn-ún lósì, kò sí ìyá tí kì í fa aṣọ bo ọmọ rẹ̀. Ìfẹ́ ni ó fa èyí, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá ìyá wí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan tí kò tíì jìnnà, mo wà ní Ìpótì-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò, ní ilé ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ìbátan mi. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta wá láti Èkó, inú gbogbo ilé sì dùn. Nínú ẹrù ọmọ náà ni àpò ìsùn kan wà tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Fún ẹni tí kò bá tíì rí irú rẹ̀ rí, aṣọ ni wọ́n fi rán an, wọ́n fi òwú sí i láàárín, ó ní ibi ọrùn àti ibi tí apá ń gbà jáde, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí pa bí àpò ìrọ̀rí. Síìpù ni wọ́n fi ń ṣí i. Àwọn òyìnbó ń fi ọmọ sùn nínú rẹ̀ dípò kúbùsù, kí ọmọ má baà ta aṣọ dànù lóru, tàbí kí aṣọ má baà wọ́ bò ó lójú. Ohun tí ó dára ni.

Ọyẹ́ mú gan-an ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá àgbà ti gbogbo fèrèsé. Wọ́n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì fún ọmọ, wọ́n wọ aṣọ alápá gígùn lé e, wọ́n wọ súwẹ́tà lé ìyẹn, wọ́n dé fìlà fún un, wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, kí wọ́n tó wá gbé e sínú àpò òyìnbó náà. Ìyá àgbà wò ó, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ síbẹ̀, ó tún fi kúbùsù bò ó. Àwa mẹ́fà ni a wà nínú yàrá náà pẹ̀lú àtùpà. Ọmọ sunkún títí, nígbà tí ó yá ó dákẹ́. Ìyá àgbà ní, “Ẹ ò rí i bí? Ara rẹ̀ ti móoru, oorun ti gbé e lọ.”

Ìdákẹ́ náà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà, mo bá a tí ó rin gbingbin fún òógùn bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú omi. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń mí lókèlókè, nígbà tí mo sì fọwọ́ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, agbára káká ni ó fi la ojú. Mo ṣí síìpù, mo bọ́ fìlà àti súwẹ́tà, mo ní kí wọ́n ṣí fèrèsé kan díẹ̀, kí ìyá rẹ̀ sì fún un lọ́mú. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú wa, tí ó sì ń ta ẹsẹ̀. Ìyá àgbà bínú sí mi díẹ̀. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ kí otútù pa ọmọ mi ni?”

Nígbà tí mo yí inú àpò náà síta, mo rí àkọlé kékeré kan tí wọ́n rán mọ́ ọn: 2.5 Tog. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ 16 sí 20 sí. Mo ní ohun tí a fi ń wọn ooru yàrá lọ́wọ́, mo gbé e kọ́ sára ògiri. Nígbà tí ó fi dúró, ó fi 26 hàn. Níta ni ọyẹ́ wà. Nínú yàrá, ooru ni.

KÍ NI TOG?

Tog jẹ́ òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí aṣọ ṣe ń há ooru mọ́ ara tó. Ilé ìwádìí òwú àti aṣọ kan tí ó wà ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Shirley Institute, ni ó gbé e jáde láàárín 1940 sí 1949. Ohun tí ó yẹ kí ìyá mọ̀ nípa rẹ̀ kò le rárá: bí nọ́mbà náà bá ti pọ̀ tó ni àpò náà ṣe ń móoru tó. Kì í ṣe bí ó ti tóbi tó ni a fi ń mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iye tí wọ́n rà á.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe àpò yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ ọ́ pé èyí tí ó jẹ́ 2.5 wà fún yàrá tí ooru rẹ̀ wà láàárín dìgírì 16 sí 20, 1.0 wà fún nǹkan bí 20 sí 24, 0.5 wà fún nǹkan bí 24 sí 27. Bí yàrá bá gbóná ju 27 lọ, ìlédìí nìkan tó ọmọ, tàbí síńgílẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ kan. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ The Lullaby Trust, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dènà ikú òjijì ọmọ ọwọ́. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí yàrá tí ọmọ ń sùn wà láàárín 16 sí 20. Ẹ rò ó wò ná. Yàrá tí ó jẹ́ 18 ni wọ́n kà sí yàrá tí ó dára fún ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí yàrá bá di 18 ní Èkó, bàbá ọmọ gan-an yóò máa wá ìbọ̀sẹ̀ kiri.

Ẹni tí ó ra àpò 2.5 ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kọkànlá kò ṣe àṣìṣe kankan. Ó ra ohun tí ó tọ́ fún ọmọ tí ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Èkó ni a wá gbé e wọ̀.

BÍ OORU BÁ PỌ̀ JÙ

Àgbàlagbà tí ooru bá mú lóru yóò ta aṣọ dànù, yóò mu omi, bí kò bá sì gbà, yóò gbé ẹní lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ oṣù méjì kò lè ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Orí ọmọ ọwọ́ tóbi bí a bá fi wé ìyókù ara rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ooru ara rẹ̀ ń gbà jáde. Bí a bá wá fi fìlà dí i nínú ilé, ọ̀nà náà ti sé. Igbe nìkan ni ó kù fún un. Bí igbe bá rẹ̀ ẹ́, yóò dákẹ́, àwa yóò sì rò pé ó ti sùn.

Ní ilẹ̀ òyìnbó, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá sùn lálẹ́, wọ́n sì ń bá òkú rẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n wádìí títí, wọ́n rí i pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni ó ń fà á, ṣùgbọ́n pé àwọn nǹkan kan wà tí ó ń mú kí ó wọ́pọ̀: kí ọmọ dojú bolẹ̀ sùn, kí wọ́n máa mu sìgá nítòsí rẹ̀, kí aṣọ bò ó lórí, àti kí ooru pọ̀ jù fún un. Ní 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kéde rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí gbogbo ìyá máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ bí ó bá ń sùn. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1994. Láàárín ọdún díẹ̀, irú ikú bẹ́ẹ̀ dín ju ìdajì lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí kan nìyí tí wọ́n fi fẹ́ràn àpò ìsùn ju kúbùsù lọ, nítorí kò lè wọ́ dé orí ọmọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tún fi kúbùsù bo àpò náà mọ́lẹ̀, kí ni a wá rà á fún?

Lọ́dọ̀ tiwa, bí irú ikú yìí bá ṣẹlẹ̀, àbíkú ni wọn yóò pè é, tàbí kí àwọn ènìyàn máa wo ìyá ọkọ ní ìwòkuwò. A kò lè mọ iye ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti tú ká lórí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ pa.

AṢỌ ÌDÁJÍ NÍ ALẸ́

Ilẹ̀ òkè ni apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Ẹ̀fọ̀n àti Òkè-Mẹ̀sí, dé Ìkọ̀gòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, dé Àrámọkọ, títí lọ sí Ìjerò àti Ìpótì. Nígbà ọyẹ́, oòrùn ọ̀sán níbẹ̀ a máa mú, òru a sì tutù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òru ni ó tutù bákan náà. Ilé oníbúlọ́ọ̀kù tí oòrùn ti pa láti àárọ̀ kì í tètè tutù. Ní agogo 10 alẹ́, bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ẹ ó rí i pé ooru ọ̀sán ṣì wà lára rẹ̀. Láti nǹkan bí agogo 3 òru sí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ni otútù ń wọlé gidi. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n ń wọ aṣọ ìdájí fún ọmọ ní alẹ́. Ọmọ yóò wà nínú ooru fún wákàtí márùn-ún nítorí otútù wákàtí mẹ́ta.

Ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú kò nílò láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí òun náà yóò jí lóru. Kí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ tẹ́ ọmọ sùn. Bí ó bá jí ní agogo 3 láti fún un lọ́mú, kí ó fọwọ́ kan ara rẹ̀. Bí ara bá tutù, ìgbà yẹn ni kí ó wọ aṣọ alápá gígùn fún un lábẹ́ àpò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni.

Bí ẹ bá ní kí n yan àpò fún yín, èyí tí mo máa yàn nìyí. Fún Èkó àti Ìbàdàn, 0.5 tó láti January dé December, ọ̀pọ̀ òru sì wà tí ọmọ kò nílò àpò kankan rárá. Fún ẹni tí yóò lo ọyẹ́ ní Èkìtì, 1.0 tó, pẹ̀lú aṣọ òwú kan lábẹ́ rẹ̀. Alápá kúkurú bí yàrá bá ju 22 lọ, alápá gígùn bí kò bá tó bẹ́ẹ̀. Kí 2.5 dúró sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá ní ẹni tí ó fẹ́ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, ẹ má tijú láti sọ nọ́mbà tí ẹ fẹ́ fún un, bí ẹni tí ń sọ ìwọ̀n bàtà.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ kì í sọ òtítọ́ nípa ooru. Ọwọ́ ọmọ tuntun a máa tutù díẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ móoru dáadáa, ohun tí ó sì ń tan àwọn ìyá àgbà jẹ nìyí. Ẹ̀yìn ọrùn ni kí ẹ fọwọ́ kàn, tàbí àyà, tàbí ikùn. Bí ibẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ó sì gbẹ, aṣọ rẹ̀ tó. Bí ó bá ń làágùn, tàbí tí ooru ti sú sí i lọ́rùn, ẹ bọ́ ọ̀kan kúrò. Bí àyà bá tutù, ẹ fi ọ̀kan kún un. Ẹ má dé fìlà fún ọmọ tí ń sùn nínú ilé, àfi ọmọ kékeré tí n óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ń sùn ti ìyá wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ rántí pé ara ìyá náà jẹ́ aṣọ kan. Bákan náà ni ti ẹ̀yìn ìyá lọ́sàn-án. Ọmọ tí a pọ̀n pẹ̀lú súwẹ́tà, fìlà àti ìrọ́ méjì ní agogo 12 ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ọyẹ́ ń ta ni lórí, ìyà ni ó ń jẹ níbẹ̀.

ÈYÍ TÍ Ó BA ỌMỌ LÁRA MU

Ìwọ̀n ara ọmọ ni a fi ń ra àpò, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àpò wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ tí ó wọ̀n tó kílò 4. Ibi ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: bí ẹ bá ti ti síìpù, orí ọmọ kò gbọ́dọ̀ lè yọ̀ wọ inú àpò. Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níta. Kò gbọ́dọ̀ ní okùn, kò gbọ́dọ̀ ní fìlà lẹ́yìn. Àwọn kan tún wà báyìí tí wọ́n fi nǹkan wúwo sí láàárín, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ọmọ sùn pẹ́. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó fún ọmọ ọwọ́.

Ẹ ó rí ìwọ̀n ọmọ lára káàdì tí wọ́n fún yín ní ilé ìwòsàn. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa káàdì yẹn, nítorí àwọn aládùúgbò Èkìtì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní 1957, dókítà òyìnbó kan, David Morley, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí tọ ipasẹ̀ ìdàgbàsókè àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí kò jìnnà sí Òkè-Mẹ̀sí. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni káàdì tí a fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ sílẹ̀ ti tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé ló kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀.

Àpò ìsùn ti wà nínú òkìrìkà pẹ̀lú, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ìṣòro rẹ̀ ni pé wọ́n ti gé àkọlé ara ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò. Ẹ fi ìka méjì mú un láàárín: bí ó bá jẹ́ aṣọ méjì lórí ara wọn láìsí nǹkan láàárín, ó fúyẹ́, bí òwú inú rẹ̀ bá nípọn bí ìka, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ kò tilẹ̀ ní láti rà á. Télọ̀ àdúgbò lè fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́ rán èyí tí ó dára. Ẹ sọ fún un pé kí ó wọn ọrùn ọmọ dáadáa, kí ó fi àyè sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ kí ọmọ lè máa ta á, kí ó sì bo ẹnu síìpù kí ó má baà ha ọmọ lọ́rùn. Nígbà àtijọ́, kíjìpá tí àwọn obìnrin hun ni wọ́n fi ń bo ọmọ ní Èkìtì. Kíjìpá nípọn, bí ẹ bá jogún ọ̀kan, ẹ fi pọ̀n ọmọ, ẹ má fi rán àpò.

KÁŃFỌ̀ INÚ ÀPÓTÍ

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ ọyẹ́ kì í ṣe aṣọ ojoojúmọ́. Bí ọyẹ́ bá ti lọ, a ó ká súwẹ́tà, kúbùsù àti àpò ìsùn sínú àpótí, a ó sì ju káńfọ̀ sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Bí ọmọ mìíràn bá dé, a ó ṣí àpótí, a ó gbọn aṣọ, a ó wọ̀ ọ́ fún un. Òórùn káńfọ̀ yẹn, tí àwa ń pè ní òórùn aṣọ mímọ́, lè ba ọpọlọ ọmọ tuntun jẹ́ títí ayé rẹ̀.

Bí ó ṣe rí nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, pàápàá àwọn ọkùnrin, ni a bí pẹ̀lú àìtó ohun kan tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Ara wọn dá, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣeré, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà lára wọn. Ṣùgbọ́n bí èéfín káńfọ̀ bá wọ imú wọn, tàbí tí aṣọ tí ó ti bá a gbé bá kan ara wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Ohun tí ó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ tí ó fọ́ jáde ni ó ń sọ ojú àti ara ọmọ di yẹ́lò, tí a ń pè ní ibà pọ́njú. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò dé ọpọlọ. Ọmọ lè kú. Èyí tí ó bá yè lè di odi, tàbí kí ó má lè gbé ọrùn dúró. Láti 1963 ni àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Gíríìsì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣọ àti kúbùsù tí wọ́n kó pa mọ́ pẹ̀lú káńfọ̀ ni ó fa irú àìsàn yìí fún àwọn ọmọ tuntun. Àwọn dókítà ọmọdé ní Nàìjíríà náà kò dẹ́kun láti máa kìlọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, mo mọ àwọn ilé ńlá, ilé àwọn tí ó kàwé, tí káńfọ̀ kò lè tán nínú àpótí ọmọ wọn.

Ẹ fọ aṣọ ọyẹ́, ẹ sá a kí ó gbẹ pátápátá, ẹ dì í sínú àpò tí ó mọ́, ó tán. Èyí tí káńfọ̀ bá ti wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má lò ó fún ọmọ tuntun. Bí ojú ọmọ bá di yẹ́lò, ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó máa gbé e sínú oòrùn àárọ̀ títí yóò fi lọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Nígbà tí a ń sọ ohun tí ó léwu, ẹ má gbé ìkòkò èédú sínú yàrá láti mú un móoru. Èéfín kan wà nínú èédú tí kò hàn sójú, tí kò sì ní òórùn, ó lè pa gbogbo ilé kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tí ó hàn sójú náà kò dára fún àyà ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni otútù àyà tí a ń bẹ̀rù, kòkòrò àìsàn ni ó ń fà á, kì í ṣe atẹ́gùn tí ó gba ojú fèrèsé wọlé.

ỌMỌ TÍ KÒ TÓ ÌWỌ̀N

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ wà fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé tí ó sì wọ̀n dáadáa. Ọmọ tí wọ́n bí tí kò tó kílò 2.5, pàápàá èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé, yàtọ̀. Ní tirẹ̀, otútù gan-an ni ọ̀tá. Kò ní ọ̀rá lára, ó sì lè tutù kọjá ààlà nínú yàrá tí àwa ń làágùn. Àpò ìsùn kò sì bá a mu, nítorí ọrùn rẹ̀ yóò gbòòrò jù fún un.

Ní 1978, ní Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ móoru kò tó. Dókítà Edgar Rey ní kí àwọn ìyá máa gbé ọmọ wọn sáyà, ara sí ara, bí ẹranko kangaroo ti ń gbé tirẹ̀. Àwọn kan rò pé ọgbọ́n òtòṣì ni. Nígbà tí ó yá, Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé ṣe ìwádìí ńlá kan ní ìlú márùn-ún ní Áfíríkà àti Íńdíà. Ilé-Ifẹ̀ tiwa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ 3,211 ni wọ́n yẹ̀ wò, tí ìwọ̀n wọn kò tó kílò 1.8. Wọ́n gbé àwọn kan sáyà ìyá wọn kété tí wọ́n bí wọn. Àwọn yòókù kọ́kọ́ wà nínú ẹ̀rọ títí ara wọn fi rọlẹ̀. Nínú 100 ọmọ tí ó wà nínú ẹ̀rọ, nǹkan bí 16 ni ó kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Nínú 100 tí wọ́n gbé sáyà, 12 ni. Àwọn tí wọ́n gbé sáyà kò sì tutù bí àwọn yòókù. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò, nítorí kò tọ́ mọ́ láti máa fi ohun tí ó dára du ìdajì àwọn ọmọ náà. Ní 2021 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde.

Nítorí náà, bí dókítà bá ti ní kí ẹ máa gbé ọmọ kékeré lọ sílé, ẹ wọ ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan fún un, ẹ gbé e dúró sáàárín ọmú, ẹ fi ọ̀já tàbí aṣọ gbà á mọ́ra. Bí ó bá rẹ ìyá, bàbá lè gbà á. Ara bàbá náà móoru. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ má gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rìnrìn-àjò ọdún. Kí ìyá àgbà wá sí Èkó.

Ara ọmọ tuntun yẹ kó wà láàárín 36.5 sí 37.5. Bí ẹ bá bọ́ aṣọ kúrò lára rẹ̀ tí ó ṣì gbóná lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, tàbí tí ẹ gbé e sáyà tí ara rẹ̀ kò móoru, tàbí tí ó kọ ọmú, tàbí tí ó ń sùn tí kò ṣe é jí, tàbí tí ó ń mí ju ìgbà 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹni tí ó bá wà ní agbègbè Ìpótì àti Ìjerò, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì.

Ẹ ó fẹ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ọmọ Ìpótì ṣe parí. Ó sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú aṣọ òwú kan, fèrèsé kan sì ṣí díẹ̀. Ní nǹkan bí agogo 4, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rọra rìn nínú òkùnkùn. Ìyá àgbà ni. Ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà bí ó ti rí mi tí mo ṣe é, ó dúró díẹ̀, ó wá jí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ó ti ń tutù o. Wọ aláàpá gígùn yẹn fún un, kí o fún un lọ́mú.” Òótọ́ ni ó sọ, nígbà tí mo wo ohun ìwọn-ooru, ó ti wálẹ̀ sí 21. Láàárọ̀, ó ní kí n kọ nọ́mbà àpò tí ó yẹ sára bébà, kí òun lè sọ ọ́ fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láago. Mo kọ 1.0 sí i, ó ká bébà náà, ó sì fi í sáàárín Bíbélì rẹ̀.